Àwòrán Tí Ọlámigòkè Fẹ́ Yà

Ọlámigòkè ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè irú ayé tó wù ú láti gbé.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni bàbá rẹ̀ ti wá, àmọ́ Warri ni wọ́n bí òun sí, ní Agbassa, níbi tí bàbá náà ti ń ta ìṣó àti páànù títí ó fi darúgbó. Iṣẹ́ tí Ọlámigòkè kọ́ ni pátákó kíkọ. Ẹni tó bá ṣí ilé oúnjẹ, ẹni tó bá dá ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹni tó bá ra ọkọ̀ akẹ́rù tó sì fẹ́ kí wọ́n kọ àdúrà sí ìdí rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Áátíìsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn kan wà tí wọ́n ti bá a ra búrẹ́dì nídìí tábìlì kan náà fún ọdún pípẹ́ tí wọn ò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n ni mo jẹ́ sí i nínú ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Apá kan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, apá kan ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ fẹnu ara wọn sọ fún mi.

Nígbà tí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bánà, iṣẹ́ rẹ̀ dín kù. Ta ló tún fẹ́ dúró kí kùn gbẹ? Ohun tó kù fún un ni ara ògiri. Àwọn tó ń bá ara wọn du ogún bàbá á ní kó wá fi kùn pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà. Àwọn yẹn ò sì lópin nílùú wa, nítorí náà kò pa ebi mọ́nú. Ràódàt ìyàwó rẹ̀ ń ta aṣọ ọmọdé ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, Adérìnsọ́lá, tó ń kọ́ṣẹ́ irun.

Ní oṣù kìíní ọdún, ẹgbẹ́ wa pe ọkùnrin kan wá bá wa sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Zachariah ni, ará Ìlàjẹ tó ń gbé lẹ́bàá omi ní Ugbuwangue, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Kò pariwo bí àwọn oníwàásù yòókù. Ó jókòó sórí àga, ó ní, "Láti àná ni mo ti ń gbọ́ àdúrà yín. 'Olúwa, ṣe é fún mi. Olúwa, ṣe é fún mi.' Ó dáa. Kí wá ni 'é' yẹn? Ṣé Ọlọ́run ni yóò bá yín ronú ẹ̀ ni? Kí kálukú dìde, kó sọ 'é' tirẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n a dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan ní ọkọ̀ ni òun fẹ́, ẹnìkan ní ilé, ẹnìkan ní kí àbúrò òun rí físà. Nígbà tó kan Ọlámigòkè, ó dìde, ó la ẹnu, ó pa á dé, ó jókòó padà. "Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó wá."

Lóòótọ́ ló lọ rò ó. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, bí Ràódàt ti ń ká aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó wọlé tọ̀ ọ́ wá.

"Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́."

"Kí ni?"

"Mo fẹ́ ya àwòrán."

"Àwòrán wo? Ta ló gbé iṣẹ́ wá?"

"Kò sẹ́ni tó gbé e wá. Tèmi ni. Láti ìgbà tí mo ti di búrọ́ọ̀ṣì mú, ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni mò ń kọ, Ràódàt. Orúkọ olórúkọ. Èmi fúnra mi ò tíì sọ nǹkan kan."

Ràódàt rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ojú ọkọ òun ò rẹ́rìn-ín, ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Tó bá jẹ́ pé ohun tó wù yín nìyẹn, Bàbá Rìnsọ́lá, ẹ yà á."

Ohun tó fẹ́ yà kò ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ ó tóbi. Òwúrọ̀ ní Ugbuwangue: àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń ti ibi ẹja pípa bọ̀, ìkùukùu tí kò tíì kúrò lójú omi tán, àti àwọn obìnrin tó dúró létí bèbè pẹ̀lú bàsíà wọn, tí wọ́n ń wò bóyá ọkọ̀ tiwọn ló ń bọ̀. Ó ní láti kékeré ni òun ti ń rí i, tí òun ò rò pé ẹnikẹ́ni lè ní kí òun yà á. Ó ra aṣọ kánífáàsì tó ga bí ilẹ̀kùn, ó kan igi sí i lẹ́yìn. Ó lọ bá máníjà òtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road, ẹni tó ti bá kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn yàrá rí, ó sọ fún un. Máníjà ní, "Artist, bring am when you finish. I go hang am for where visitors dey enter."

Bó ṣe di pé ó ní ọjọ́ tí kì í gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nìyẹn. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, á gba Ugbuwangue lọ, á jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, á máa wò, á máa fi pẹ́ńsù ya díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin ibẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ọmọ ìjọba ni, pé wọ́n fẹ́ wá gba ilẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé Áátíìsì ni, wọ́n fi í sílẹ̀. Nílé, ó ń kọrin. Ó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ láìjẹ́ ọjọ́ Sunday. Adérìnsọ́lá tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ tí kì í fi í dáhùn, bi ìyá rẹ̀ pé, "Mummy, wetin dey do Daddy? E be like person wey just fall in love."

"Fi bàbá ẹ sílẹ̀," ni Ràódàt wí. "Inú ẹ̀ ń dùn."

Ní Ugbuwangue náà ló ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ohun tó ṣàjèjì. Àwọn ọkọ̀ tó ń ti apá òsì bọ̀ kì í wá díẹ̀díẹ̀ mọ́. Omi á wà lófìfo. Lójijì, ọkọ̀ á ti wà níwájú rẹ̀, bí ìgbà tí omi pọ̀ ọ́ jáde. Ó rò pé ìkùukùu ni. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe dìde láti máa lọ sílé, ó ti ẹsẹ̀ bọ inú bàsíà ẹja obìnrin kan. Obìnrin náà figbe ta: "Artist! You no see basin wey big reach so?" Ó tọrọ àforíjì, ó bá a ṣa ẹja nínú iyanrìn, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n pé ó ń kọ òun lóminú bí òun ṣe ń lọ sílé.

Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní tí òun bá parí àwòrán náà, òun á lọ ra awò ojú. Ó fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ kánífáàsì, ó tún fà á sún mọ́ ọn sí i. Lára ògiri tó kọ nígbà yẹn, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn máa ń rọ́ wálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Áátíìsì ti ń dàgbà, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, òun àti Adérìnsọ́lá ló jọ ń sọdá títì ní Agbassa. Kẹ̀kẹ́ márúwá kan ń bọ̀, ó ń fun fèrè, Ọlámigòkè sì gbẹ́sẹ̀ sójú títì bí ẹni tó wà nínú yàrá rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Kẹ̀kẹ́ náà gbá a ní ìgbọ̀nwọ́, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, orúnkún rẹ̀ bó.

"Daddy! Di keke don dey horn since!"

"Mo gbọ́ fèrè. Mi ò rí i."

"But e dey here!" Adérìnsọ́lá na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orí bàbá rẹ̀, ó la ìka rẹ̀ sílẹ̀. "See my hand. How many finger be this?"

Ọlámigòkè wo iwájú tààrà. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ọwọ́ wo?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún lójú títì.

Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Effurun. Wọ́n ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, kó máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tó bá rí iná kékeré tó tàn. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́. Iná náà kò pọ̀ lójú rẹ̀, ó sì rí i pé òun ò fo ẹyọ kan. Nígbà tó dìde, ó sọ fún Ràódàt pé òun yege. Ibi tí Ràódàt jókòó sí lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rí gbogbo iná tí ọkọ rẹ̀ kò tẹ bọ́tìnnì sí.

Dókítà náà kò ju ọmọdébìnrin lọ, ó sì níwà. Ó ní omi inú ojú ló ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, òun ló ń tẹ iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ, tó ń pa á díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Kì í dunni, ìdí nìyẹn tí èèyàn kì í fi í tètè mọ̀. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wọn ní irú ẹ̀.

"Bàbá mi ò ríran nígbà tó kú," ni Ọlámigòkè wí. "A ní ọjọ́ ogbó ni."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Oògùn tí mo máa fún yín, ẹ ó máa kán an sójú títí ayé yín ni, sà. Ó wà fún ìyókù, kó má bàa lọ. Èyí tó ti lọ, kò sí ohun tó lè dá a padà. Ẹ mú ọmọ yín wá fún àyẹ̀wò pẹ̀lú."

"Dókítà, mo ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀."

Ọmọbìnrin náà wò ó. "Èmi kọ́ ni mò ń gbà á lọ́wọ́ yín, sà."

Láti ọjọ́ náà ló ti dà bí ẹni pé òun àti ojú rẹ̀ ń sáré ìje. Kò gba iṣẹ́ ògiri mọ́ rárá. Ojoojúmọ́ ló ń lọ sí Ugbuwangue, Ràódàt á mú un dé etí omi kó tó padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń kán oògùn rẹ̀, ó ń gba ààwẹ̀, ó sì ń sọ ohun tó fẹ́ jáde lẹ́nu láràárọ̀ kó tó di búrọ́ọ̀ṣì mú: "Olúwa, àwòrán yìí ni 'é'. Ṣe é fún mi." Ṣùgbọ́n kí òjò tó dáwọ́ dúró lọ́dún yẹn, ojú ọ̀tún kò rí nǹkan mọ́ ju pé ilẹ̀ mọ́ tàbí pé ilẹ̀ ṣú. Ti òsì, ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń yọjú wo ìta láti inú páìpù. Tó bá ń wo imú ọkọ̀, kò rí ìdí rẹ̀. Tó bá ń wo ojú obìnrin, kò rí bàsíà tó gbé dání. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yà á, ní àwẹ́ àwẹ́.

Nígbà tó rò pé ó ti parí, ó pe Ràódàt wá. "Kí lo rí?"

Ràódàt wò ó pẹ́. "Ó dára."

"Mo ní kí lo rí?"

"Ó dára, Bàbá Rìnsọ́lá. Ó dára gan-an."

"Ràódàt." Ó wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, ó dì í mú. "Tí ìwọ náà bá ń tàn mí, ọ̀dọ̀ ta ni mo máa lọ?"

Ni Ràódàt bá sọ fún un. Ó ní imú ọkọ̀ wà lókè, ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, wọn ò pàdé. Ó ní ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ kò kan àjẹ̀. Ó ní bàsíà kan wà lójú ọ̀run tí kò sẹ́ni tó gbé e. Ó mú ìka ọkọ rẹ̀, ó ń gbé e lé ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ojú àwọn obìnrin náà dára, pé òótọ́ ni òun ń sọ, pé òun mọ ohun tí wọ́n ń rò bí òun ṣe ń wò wọ́n. Ọlámigòkè kò gbọ́ ìyẹn. Ibi tí àjẹ̀ wà ni ìka rẹ̀ dúró sí. Ó gbìyànjú láti tún un ṣe fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì bà á jẹ́ sí i.

Ó wá ní kí n mú òun lọ sílé Ọ̀gbẹ́ni Zachariah. Mo mú un lọ. A jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá. Ọlámigòkè kò mu ún.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́. Mo sọ ọ́. Mo dìde, mo ṣe é. Mi ò ṣọ̀lẹ. Ẹ dákun, kí ló kù tí mi ò ṣe?"

Mo rò pé ọkùnrin náà á ní ọ̀rọ̀ kan. Kò sí nínú wa tí kò ní rò bẹ́ẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo ojú fèrèsé níbi tí omi ti ń dán. Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

"Kò sí," ló wí. "Kò sí ohun tí o kò ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn, Gòkè. Mi ò mọ èyí."

Ó dìde, ó wá jókòó tì í lórí àga gígùn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, mo ní kí a máa lọ.

Síbẹ̀ ó gbé àwòrán náà lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Ó ní òun ti ṣèlérí. Òun àti Adérìnsọ́lá ni wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé e. Máníjà jáde, ó wò ó, ó kí i kú iṣẹ́, ó ní kó fi í sílẹ̀, pé òun máa wá ẹni tó máa gbé e kọ́. Ọlámigòkè fi ọwọ́ kan igi ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó yí padà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó ní kí Adérìnsọ́lá lọ bá òun wò ó wá. Ọmọ náà lọ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, àwòrán òdòdó tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ló wà lára ògiri. Ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń nu ilẹ̀, ìyẹn sì mú un lọ sẹ́yìn, sí ilé jẹnẹrétọ̀. Ibẹ̀ ló wà, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ògiri, epo ti ta sí i lẹ́yìn.

Ó padà sílé. Bàbá rẹ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń dúró dè é. "Ṣé wọ́n ti gbé e kọ́?"

"Wọ́n ti gbé e kọ́, Daddy," ni Adérìnsọ́lá wí. "Ibi tí àlejò ń gbà wọlé ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Ó dára níbẹ̀."

Yorùbá ló fi sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, òun tí kì í fi í dá bàbá rẹ̀ lóhùn rí, àní nígbà tí wọ́n bá nà án ní kékeré. Ọlámigòkè yí ojú sí ibi tí ohùn náà ti wá. Ó sọ fún mi pé òun fẹ́ bi í pé kí ló dé tó fi ń sọ Yorùbá sí òun. Kò bi í. Ó ní, "O káre, ọmọ mi." Kò sì dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì náà mọ́ títí dòní.

Nísinsìnyí, ó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Ràódàt. Àwọn oníbàárà ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn. Tí ẹnìkan bá béèrè aṣọ, ó máa ń pe ìyàwó rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá ni wọ́n jọ padà lọ sí Effurun, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Dókítà ní oògùn ń ṣiṣẹ́, pé ojú òsì kò tíì burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó wá pe Adérìnsọ́lá wọlé. Nígbà tí ọmọ náà jáde, ó ní dókítà sọ pé omi inú ojú òun ga díẹ̀, pé kò tíì hàn bóyá àrùn náà ni, àti pé kí òun máa wá lọ́dọọdún. Adérìnsọ́lá ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. "E no mean anything, Daddy. Na just check."

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́. Ọmọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, bàbá àti ìyá wà lẹ́yìn. Ràódàt ti sọ ọ́ dàṣà pé kí ó máa sọ ohun tí wọ́n bá ń kọjá fún ọkọ rẹ̀, kó má bàa dà bí ẹni tí wọ́n dì sínú àpò. Ó ní, "Ilé epo rèé. Wọ́n ti tún ibẹ̀ kùn, àwọ̀ ewé. Àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun rèé. Pátákó ṣọ́ọ̀ṣì kan nìyí, ó tóbi, wọ́n..."

"Jọ̀ọ́, má sọ fún mi mọ́."

Ràódàt kọjú síta. Kẹ̀kẹ́ náà kó sí kòtò, ó jáde. Àwọn ọkọ̀ ń fun fèrè lọ́tùn-ún lósì. Ọlámigòkè gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó kọjú síwájú, ibi tí orí ọmọ rẹ̀ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ràódàt kò mọ̀ bóyá ó rí i. Wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ìyá Rìnsọ́lá," ló wí, "ibo la dé?"

Ràódàt sọ fún un.